Ohun tí Ó Ń Mú Kárọ́ọ̀tì Dùn, àti Èyí tí Ó Ń Mú Un Korò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo kárọ́ọ̀tì méjì tí mo rà ní ọjà Kútọ̀ yìí. Mo ti gé wọn sí méjì: ọ̀kan pọ́n dé inú, ó sì dùn, èkejì ṣì funfun láàárín, orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì korò lẹ́nu. Irúgbìn kan náà lè so méjèèjì, nítorí pé ojú ọjọ́ àti ìtọ́jú ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí kò gbóná, tí kò sì tutù jù, bí ìwọ̀n 16 sí 21 Celsius, ni kárọ́ọ̀tì fẹ́. Ìdí nìyí tí òkè Jos, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun, fi bá a lára mu. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àjọ ṣe àpèjúwe, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: lójú oòrùn, ewé ń pèsè ṣúgà, ó sì ń dá a sínú gbòǹgbò, ṣùgbọ́n bí òru bá móoru, ọ̀gbìn náà á máa mí kíkankíkan, á sì ná nínú àjọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ooru àpọ̀jù tún ń dín èròjà tí ó ń mú un pọ́n kù, èyí tí ara wa ń sọ di fítámì A.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í ṣe nìyí o. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ má gbìn ín pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ bí ẹni gbin àgbàdo! Mo tún un sọ: Ọ̀KAN NÁÀ KỌ́ NI KÁRỌ́Ọ̀TÌ ÀTI ÀGBÀDO! Ẹ gbìn ín ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, kí ó lè gbó nígbà tí ọyẹ́ bá mú òru tutù. Ẹ máa bomi rin ín déédéé, nítorí bí ilẹ̀ bá gbẹ tán kí ẹ tó da omi lé e lójijì, gbòǹgbò á là.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà! Ewé ni yóò máa yọ ṣáá, gbòǹgbò á sì yà bí ìka ọwọ́. Bí orí rẹ̀ bá yọ síta, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí oòrùn má baà sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti wú u, ẹ má gbé e ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa ń mú kárọ́ọ̀tì korò.