Báàgì Tí Kò Lólúwa Nínú Ọkọ̀ Èrò: Kí Lojúṣe Ẹni Tó Rí I?

Lọ́dún 1968, Latané àti Darley, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí yàrá kan, kí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè lórí ìwé. Kò pẹ́ tí èéfín fi ń gba ihò ara ògiri wọlé. Nínú ẹni mẹ́rin tó dá jókòó, ẹni mẹ́ta ló jáde lọ sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹnì kan sáàárín ẹni méjì tí wọ́n ti kọ́ pé kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan, ẹyọ kan péré nínú mẹ́wàá ló lọ sọ. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń húkọ́, wọ́n ń fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú, wọ́n sì ń kọ̀wé wọn lọ.

Bó ṣe ń rí nínú ọkọ̀ èrò gan-an nìyẹn. Báàgì wà lábẹ́ àga, ẹ wo ojú ẹnì kejì, ojú rẹ̀ tutù, lẹ bá ní kò séwu. Bẹ́ẹ̀, ojú tiyín lòun náà ń wò.

Àwọn kan rò pé akin ló ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sọ síta. Rárá o! Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1995, wọ́n fi ṣóńṣó agboòrùn lu ọ̀rá tí májèlé sarin wà nínú rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó palẹ̀ ẹ̀ mọ́ wà lára àwọn tó kú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó ti kìlọ̀ fún wọn. Ojúṣe èrò ọkọ̀ ni láti tètè sọ, kó sì jìnnà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè sókè pé, "Ta ló ni báàgì yìí?" Ẹrù tí wọ́n gbàgbé ló pọ̀ jù. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ẹ wò ó látòkèèrè: ṣé ńṣe ni wọ́n fi pamọ́? Ṣé wáyà tàbí bátìrì yọ lára rẹ̀, àbí nǹkan ń jò? Ṣé irú ohun táwọn èrò máa ń gbé wọ ọkọ̀ ni? Bó bá fu yín lára, ẹ má fẹsẹ̀ kàn án pàápàá. Ẹ rìn tó mítà 15 kẹ́ ẹ tó lo fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, mítà 100 ló kéré jù fún báàgì àgbékọ́, 200 fún àpótí ńlá. Ẹ̀yìn ògiri ni kẹ́ ẹ dúró sí, ẹ má dúró nítòsí gíláàsì, torí bí bọ́ǹbù bá bú, àfọ́kù gíláàsì máa ń pa ẹni tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ihò abẹ́ ilẹ̀, ẹ má sáré fa bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá dúró láàárín ibùdókọ̀ méjì, ẹ̀yin àti báàgì náà lẹ jọ há síbẹ̀, àwọn agbanilà ò sì ní tètè débẹ̀. Ẹ kọjá sí apá mìíràn nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, kó lè gbé e dé ibùdókọ̀ tó kàn. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ lọ sọ ọ́ sí awakọ̀ létí, kó dúró, kó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ké "bọ́ǹbù!" lè mú káwọn èèyàn tẹ ọmọdé àti arúgbó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Tó bá jẹ́ pé èèyàn lẹ fura sí, ohun tó ṣe ni kẹ́ ẹ sọ, kì í ṣe bójú rẹ̀ ṣe rí. Lọ́jọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2005, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa ẹni 52 nínú ọkọ̀ ìlú London, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ Brazil kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Stockwell. Wọ́n ṣe bí òun lẹni tí wọ́n ń wá. Nítorí náà, ẹ sọ báyìí pé: "Ó gbé báàgì dúdú sábẹ́ àga kẹta lápá ọ̀tún, ó sì bọ́ sílẹ̀ láìgbé e." Ẹ fi ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì lọ ilé. Ẹ dúró níbi tí kò séwu títí ọlọ́pàá á fi dé, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ rí ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀.