Nígbà Tí Àwọn Ọba Bá Wọ Ìlú Kan: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Assalamu alaykum warahmatullahi wabarakatuh. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù.

Nínú Súrátu-n-Namli, orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n Kùránì, nígbà tí ìwé tí Ànábì Sùlèmọ́nù fi ní kí wọ́n wá juwọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́hun dé ọ̀dọ̀ ọbabìnrin Sabaʼi, àwọn ìjòyè rẹ̀ fọ́nnu pé àwọn lágbára, àwọn mọ ogun jà, kó ṣáà ti pàṣẹ. Obìnrin náà kò kánjú. Ó ní: “Dájúdájú àwọn ọba, nígbà tí wọ́n bá wọ ìlú kan, wọn á bà á jẹ́, wọn á sì sọ àwọn ẹni iyì ibẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ” (27:34).

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ òyìnbó amúnisìn, ìlú tí wọ́n bà jẹ́ la máa ń kà. Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ ọbabìnrin yìí ló ń dùn mí jù.

Ẹ wo Èkó. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá lé ìlú náà lórí, ilé jóná lọ bẹẹrẹ. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akìtóyè, ìbátan rẹ̀ tó ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ forí lé Ẹ̀pẹ́, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Òwò ẹrú ni òyìnbó ní òun wá fòpin sí. Ká má purọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀: òwò ẹrú ń lọ ní Èkó lóòótọ́, àbòsí gidi ni, àwa fúnra wa la sì ń ta ara wa. Ìjà oyè inú ẹbí kan náà ló ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò yìí kò lọ mọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus lójú omi, Ọba Dòsùmú, ọmọ Akìtóyè, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àpò owó ẹyọ 1,200 ni wọ́n bù fún un lọ́dọọdún. Ọba tó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò wá di ẹni tí wọ́n ń bu owó fún.

Kì í ṣe ọba nìkan o. Àwọn àáfà wa ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń pín ogún, wọ́n ń kọ ìtàn ìlú sílẹ̀ ní Lárúbáwá, kí òyìnbó tó dé. Ìjọba tuntun dé, ẹni tí kò bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì di púrúǹtù. Àáfà tó há Kùránì látòkèdélẹ̀, tó mọ fíkíhì, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, bí ẹní mowó, púrúǹtù! Iṣẹ́ akọ̀wé kò kàn án. Ọwọ́ àwọn àjíhìnrere sì ni ilé-ìwé pọ̀ sí. Ẹ̀rù ba àwọn bàbá wa pé ọmọ á lọ kàwé, á sì ṣe ìrìbọmi bọ̀. N kò bá wọn wí, ẹ̀rù náà ní ìdí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ló jókòó sílé, àwa la sì san owó rẹ̀. Ọdún 1896 ni ìjọba tó ṣí ilé-ìwé kan fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Nígbà tó di 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á fọwọ́ ara àwọn kọ́ ilé-ìwé. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ wọn.

(Carter, gómìnà òyìnbó ní Èkó nígbà náà, tó rán ọmọ ogun lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, òun náà ló wá síbi ìṣílé mọ́sálásí Shitta-Bey ní 1894. Ayé nìyẹn.)

Ẹ wá gbọ́ bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe rán sàábé rẹ̀, Muʼādh bin Jabal, lọ sí Yemen. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe pè wọ́n sí ẹ̀sìn àti bí yóò ṣe gba sàká, ó wá kìlọ̀ fún un: yàgò fún èyí tó dára jù nínú dúkìá wọn, kí o sì ṣọ́ra fún àdúà ẹni tí a ṣàbòsí sí, nítorí kò sí gàgá láàárín rẹ̀ àti Ọlọ́hun. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Èyí tó dára jù gan-an ni amúnisìn ń wá kiri: èbúté, ilẹ̀, epo pupa, kòkó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Mùsùlùmí ni Ànábì ń kìlọ̀ fún níbẹ̀, kì í ṣe òyìnbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin kánsílọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ̀yin ìyá tó gba ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Ta ni à ń pè ní púrúǹtù nínú ilé wa? Ọmọ wo là ń nà torí pé ó sọ Yorùbá lójú àlejò? Iṣẹ́ ta la ti gbà tán tí a kò tíì sanwó rẹ̀? Kí oòrùn òní tó wọ̀, kí ẹni tó bá jẹ òṣìṣẹ́ lówó pe òṣìṣẹ́ náà, kó san án.