Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Pe Sílámù?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń kọ́ bíríìjì, eré káàdì tí ẹni mẹ́rin ń ta ní méjì-méjì, sọ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti Ẹnuwá wá àti ẹ̀yin ará inú ọgbà Yunifásítì. Mo rí i pé ọ̀tayò pọ̀ nínú yín. Nídìí ayò, gbogbo ọmọ wà lójú ọpọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ni yóò jẹ. Nínú bíríìjì, 13 péré lo rí nínú káàdì 52. 13 mìíràn wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá ara yín sọ ọ́ àfi nípa ìpè, ìyẹn ìlérí iye ìkó tí ẹ ó kó. Ìkó kan ni káàdì mẹ́rin, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí tirẹ̀ bá borí á kó.

Sílámù kékeré ni pé kí ẹ pè é pé ẹ ó kó ìkó 12 nínú 13, kí ẹ sì kó o. Sílámù ńlá ni gbogbo 13. Nínú bíríìjì àtijọ́, ẹni tó bá kó 12 á gba ẹ̀bùn rẹ̀, ìbáà pè é, ìbáà má pè é. Harold Vanderbilt, olówó ará Amẹ́ríkà kan, ló to ìṣirò tuntun nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1925: bí o ò bá pè é, kò sí ẹ̀bùn. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ka ohun tó wà lọ́wọ́ wa, a sì máa ń gbàgbé ohun tí alátakò lè kọ́kọ́ gbà. Éèsì jẹ́ àmì 4, kíǹgì 3, kúìnì 2, jáàkì 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Ẹ̀yà káàdì mẹ́rin ló wà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè: kílọ́ọ̀bù, dáyámọ́ǹdì, háàtì, sípéédì. Tírọ́ǹpù ni ẹ̀yà tí ẹ bá yàn pé kó borí àwọn yòókù. Wọ́n á ní bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní 33, ẹ pe 6 láìsí tírọ́ǹpù, ìyẹn ìkó 12, torí a máa ń fi 6 kún iye tí a pè. Ó dáa. Ẹ yọ 33 kúrò nínú 40, ó ku 7. Éèsì 4, kíǹgì 3: 7 náà nìyẹn. Bí méjèèjì bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà, tí wọ́n wà lọ́wọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ ju káàdì, ó ti kó ìkó méjì kẹ́ ẹ tó mí. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò yín pé.

Láàárín àwọn ọdún 1930 ni Easley Blackwood, ará Amẹ́ríkà mìíràn, mú ìbéèrè kan wá. O pe 4 láìsí tírọ́ǹpù, o ń béèrè pé éèsì mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. 5 kílọ́ọ̀bù: kò sí rárá, tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 5 dáyámọ́ǹdì: ọ̀kan, 5 háàtì: méjì, 5 sípéédì: mẹ́ta. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó rọrùn. Ní tèmi, ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa yẹn, ìdáhùn á sọ fún yín pé éèsì kan ṣoṣo ló wà níta. Ẹ ó sì pe 6, láìmọ̀ pé kíǹgì jókòó ti éèsì náà. Bí o ò bá sì ní káàdì kankan nínú ẹ̀yà kan ńkọ́? Ẹnìkejì ní òun ní éèsì kan. Èwo? Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yà tí o ò ní, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọ. Ti òde òní tó ń ka kíǹgì tírọ́ǹpù mọ́ éèsì sàn jù, ṣùgbọ́n kò wo àrùn yìí.

Ohun tó wò ó ni kẹ́ ẹ máa pe ẹ̀yà tí ẹ lè dènà. Ká ní ẹnìkejì rẹ pe 1 sípéédì, ìwọ pe 3 sípéédì, ó wá pe 4 kílọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi kílọ́ọ̀bù ṣe tírọ́ǹpù. Ó ń sọ pé alátakò ò lè kó kílọ́ọ̀bù ní ìkó méjì àkọ́kọ́. Ìwọ pe 4 háàtì. O fo dáyámọ́ǹdì, fífò yẹn sì ti sọ̀rọ̀: ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bó bá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà, á pe 4 sípéédì, ẹ ó sì dúró síbẹ̀, ìbáà jẹ́ 33 ni àmì yín.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iye tó wà níbẹ̀. Ká ní ẹ wà ní ipò tí ẹ̀bùn àti ìtanràn ti ga. Ẹ kó 12: ẹni tó pe 4 sípéédì gba 680, ẹni tó pe 6 gba 1430. Èrè 750. Ẹ kó 11 péré: ẹni tó pe 4 gba 650, ẹni tó pe 6 san 100. Òfò 750. Wọ́n dọ́gba, nítorí náà bí kíǹgì kan tó lè wà lọ́tùn-ún tàbí lósì nìkan ló kù, pípè é kò burú. Sílámù ńlá yàtọ̀. Láti 6 dé 7, èrè rẹ̀ ò kọjá 750, ìyẹn 2210 dípò 1460. Bó bá já, ẹ san 100, ẹ sì pàdánù 1430 tí ẹ ò bá gbà: 1530 nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ dá yín lójú tó ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Màmá kan béèrè pé bí tírọ́ǹpù márùn-ún bá wà lọ́wọ́ alátakò ńkọ́, tí 7 sì dúró lórí pé kí wọ́n pín sí 3 àti 2? Ìpín yẹn máa ń wáyé ní nǹkan bí 68 nínú 100, ó fi díẹ̀ báyìí ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Mo ní, Màmá, n ò ní pè é. Ìṣirò yẹn gbà pé àwọn tó wà ní tábìlì kejì, tí wọ́n gba káàdì kan náà, ti pe 6. Bí wọ́n bá dúró sí 4 lọ́hùn-ún, 6 wa ti borí, 7 tó bá já á sì dà á nù. Bàbá kan lẹ́yìn ní òun ó pè é ní tòun. Ó dáa, káàdì wà, tábìlì wà, a jókòó.