Fọ́tò Tó Já: Ìdílé, Fíìmù Dọkumẹ́ńtárì àti Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ará Ìráànì

Ẹ káàárọ̀ o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ ìtàn Shah, ọba Ìráànì, àti Khomeini, àlùfáà tó darí ìyípadà ìjọba tó lé e kúrò ní 1979, mi ò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, àwọn tó mọ̀ mí sì ti mọ ọ́n kí n tó lanu: tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ ará Ìráànì, ẹ kúrò ní títì, ẹ wọlé. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kì í wọlé ní tiwọn, ògiri tí wọ́n ya Khomeini sí ni wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà sí, obìnrin kan tó da aṣọ dúdú bo orí dé ẹsẹ̀ á kọjá níwájú ẹ̀, ó parí, wọ́n ti padà sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo fíìmù Firouzeh Khosrovani, Radiograph of a Family, tó gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù ní IDFA, àjọ̀dún fíìmù dọkumẹ́ńtárì ní Amsterdam, ní 2020. Bàbá ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́sírè ní Switzerland, kò ráyè wá sílé wá gbéyàwó, ni wọ́n bá gbé fọ́tò ẹ̀ kalẹ̀ ní Tehran, wọ́n so yìgì, ó di tọkọtaya. (Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre, ṣé a ò ti rí ìyàwó tí fọ́tò ọkọ tó wà ní London jókòó tì lọ́jọ́ ìdána ni?) Bàbá fẹ́ràn orin òyìnbó, kò sì ka ẹ̀sìn sí, ìyá ní tiẹ̀ ò fi ìrun ṣeré, ibi tó bá yíjú sí ní Geneva tó lọ bá ọkọ ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń rí. Wọ́n padà sílé, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ali Shariati, onímọ̀ tó ń fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù pe àwọn èèyàn sí ìyípadà, nígbà tí 1979 máa fi dé, ó ti wà lára àwọn tó ń retí ẹ̀. Ìráànì méjì ló wá ń jẹun nídìí tábìlì kan.

Pálọ̀ kan ṣoṣo ni Khosrovani ń padà sí, ẹrù inú ẹ̀ ló ń yí padà, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín ẹni tó ń borí. Ìyá yìí wá fọwọ́ ara ẹ̀ fa àwọn fọ́tò tó ti ṣí orí sílẹ̀ ya. Ìgbà tí ọmọ fẹ́ ṣe fíìmù, àjákù ló bá. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá àti ìyá lẹ́nu, ó gbé e fún òṣèré sọ.

Àwọn kan á ní tó bá jẹ́ ọmọ ló kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, kí ló sọ ọ́ di dọkumẹ́ńtárì? Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ni nínú yín ló mọ ìtàn bàbá àti ìyá ẹ̀ tí kò fi tara ẹ̀ kún un? Fọ́tò tó pé, ilé ẹnikẹ́ni ló lè ti wá. Ibi tó já yẹn ló sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ 1979 ò dúró nígboro, ó wọ inú álíbọ́ọ̀mù.

Alága ti ń fọwọ́ kan aago, ẹ jẹ́ n sáré. Born in Evin, 2019, fíìmù Maryam Zaree nípa ara ẹ̀: inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Evin ní Tehran ni wọ́n bí i sí, Jámánì ló dàgbà sí, ìyá ẹ̀ ò sì lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Níbí, fọ́tò kankan ò tiẹ̀ sí tí wọn ì bá fà ya. Divorce Iranian Style, 1998, ẹ ti wò ó, kóòtù ìdílé ni, àwọn obìnrin tó mọ òfin bá adájọ́ jiyàn títí, màá fò ó.

Bàbá kan nawọ́ lẹ́yìn: "Tíṣà, ìdílé, ìdílé, ìdílé látàárọ̀. Ṣé kò sí èèyàn dúdú ní Ìráànì ni?"

Bí mo ṣe pa ìwé mi dé nìyẹn.

Wọ́n wà níbẹ̀ sà. Apá gúúsù létí òkun, Bushehr, Hormozgan, erékùṣù Qeshm. Etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, Zanzibar àti àyíká ẹ̀, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn wá lẹ́rú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa. 1929 ni Ìráànì tó ṣòfin tó fòpin sí òwò ẹrú àti níní ẹrú. Fọ́tò àwọn ẹrú dúdú ààfin Qajar, ìdílé ọba tó jẹ ní Ìráànì ṣáájú ìdílé Shah, wà dáadáa, kò já rárá, wọ́n dúró ti àwọn ọmọ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè orúkọ ìyá wọn, ẹ ò ní rẹ́ni dá yín lóhùn. Nasser Taghvai, ará Ìráànì tó ń ṣe fíìmù, gbé kámẹ́rà lọ sí Bandar Lengeh létí òkun gúúsù yẹn ní 1969, ó ya zar, ìlù àti ijó tí wọ́n fi ń tu ẹ̀mí inú afẹ́fẹ́ tó bá gun èèyàn lójú. Ó dára gan-an, àmọ́ ẹ̀mí yẹn gba Taghvai lọ́kàn ju ìdílé ẹni tó gùn lọ. Ó di 2007 kí Behnaz Mirzai, onímọ̀ ìtàn tó ń kọ́ni ní Brock University ní Kánádà, tó gbé fíìmù Afro-Iranian Lives jáde, tiẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ lọ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò pe ara wọn ní ọmọ Áfíríkà o, ará gúúsù ni wọ́n, ará Ìráànì ni wọ́n, ó tán.

Bàbá ní: "Wọ́n ti gbàgbé ilé nìyẹn."

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ sà. Ẹni tí bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀ kú sí Bushehr, ibo lẹ fẹ́ kó máa pè nílé? Bàbá ní òun náà ò gbà. Alága ní oúnjẹ ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde.