Ohun tó ń ṣe, kì í ṣe ohun tó lè ṣe: bí a ṣe ń wá ìrànlọ́wọ́ OPWDD fún ọmọ wa ní New York

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́.

Ìyá kan jókòó. Psychologist, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, jókòó síwájú rẹ̀, bírò lọ́wọ́, ìwé ìbéèrè lórí ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọmọ yín máa ń wọṣọ fúnra rẹ̀?" Ìyá dáhùn wéré, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wọṣọ." Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ìyá yìí ló to aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun ló yí ẹ̀wù tí ọmọ wọ̀ sódì padà. Òun ló bá a de bọ́tìnì. Òun ló ń sọ pé "ẹsẹ̀ òsì, rárá, òsì" lẹ́ẹ̀mẹta kí bàtà tó wọlé. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ náà. Psychologist kọ 2 sílẹ̀, ó bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Nínú ìwé yẹn, 2 túmọ̀ sí pé ọmọ ń ṣe é déédéé, láìsí olùrànlọ́wọ́.

Èmi ni ìyá yẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé pé ọmọ mi ò kúnjú òṣùwọ̀n fún ìrànlọ́wọ́ OPWDD. Mo sunkún. Mo ti rí i láti ìgbà náà pé àwa òbí Yorùbá ní Brooklyn, ní Bronx, ní Queens, ohun kan náà là ń ṣe. Ìdí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ OPWDD, OPWDD lẹ́nu àwọn òbí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ófíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ New York ni, tó wà fún àwọn tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè. Autism wà níbẹ̀. Wárápá wà níbẹ̀. Cerebral palsy, ìpèníjà làákàyè, Prader-Willi, àti oríṣi àìsàn ọpọlọ mìíràn náà wà níbẹ̀. Òfin sọ pé ìpèníjà náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó pé ọdún 22, kó jẹ́ èyí tí kò ní í lọ bọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ èyí tó ń dí i lọ́wọ́ gidigidi nínú ìgbé ayé rẹ̀. Ẹ di èyí tó kẹ́yìn yẹn mú dáadáa. Orúkọ àìsàn nìkan ò tó! Dókítà lè kọ autism sínú ìwé mẹ́wàá, wọ́n á ṣì bi yín pé: báwo ni autism náà ṣe ń dí i lọ́wọ́?

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọmọ yín ti ní IEP. IEP, ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ní ìpèníjà, ti ilé ìwé ni. OPWDD lọ́tọ̀, ilé ìwé lọ́tọ̀. Ilé ìwé á parí lọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè yẹn ò ní í wá mọ́. Ọmọ tó ti di géńdé á wà nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́, ìyá ẹ̀ á sì ní láti yàn, bóyá kó lọ síbi iṣẹ́ ni o, bóyá kó dúró tì í. Nínú OPWDD lẹ ti máa rí ẹni tó máa wá sílé wá kọ́ ọmọ bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, bó ṣe ń ra nǹkan. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní community habilitation. Respite wà, kí ẹnì kan bá yín dúró ti ọmọ, kí ẹ̀yin náà lè sinmi. Ìrànlọ́wọ́ láti ríṣẹ́ wà, ibi tí àgbàlagbà lè máa lọ lójúmọmọ wà, ilé gbígbé náà wà fún ẹni tó bá nílò rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọlé ò le, mo máa yára sọ ọ́. Ẹ pe Front Door ti agbègbè yín, ìyẹn ibi tí OPWDD ti ń gba ẹni tuntun wọlé. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá gbọ́ àlàyé, ẹ lè gbọ́ ọ lórí fóònù yín nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ yan CCO kan, ìyẹn àwọn tó ń fún ìdílé ní care manager. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni àwọn CCO ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Care manager ló máa bá yín kó ìwé jọ, tó máa fi ránṣẹ́. Bí èdè Òyìnbó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè ògbifọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ yín àgbà ṣe ògbifọ̀. Ọmọ kì í fẹ́ dójú ti àbúrò rẹ̀ níwájú àlejò, á máa bo nǹkan mọ́lẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n máa béèrè: èsì àyẹ̀wò psychologist, ìtàn ìdílé àti ìdàgbàsókè ọmọ tí wọ́n kọ láàárín ọdún kan sẹ́yìn, àti àyẹ̀wò dókítà láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Tí ilé ìwé bá ti ṣe àyẹ̀wò fún un, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀, ó lè wúlò. Ẹ wò ó bóyá máàkì wà nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn tó kàn ń sọ pé "ọmọ dáadáa ni, ó nílò ìrànlọ́wọ́" láìsí máàkì kankan ò ní í gbé yín débì kankan.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ọmọ yín dàgbà sí Nàìjíríà kó tó wá. Bó bá ti lé ní ọdún 22 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fẹ́ rí ẹ̀rí pé ìpèníjà náà ti wà láti kékeré. Ẹ pe ilé. Káàdì ilé ìwòsàn, ìwé èsì ìdánwò prámárì, lẹ́tà tí tíṣà kọ nígbà tó ní kẹ́ ẹ mú ọmọ kúrò ní kíláàsì òun, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ìwé tí màmá àgbà tọ́jú sábẹ́ mátíríìsì ní Ìbàdàn lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ nílò ní Brooklyn.

Ó yá. Ẹ sún mọ́ mi. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí.

Nínú àyẹ̀wò yẹn, apá kan wà tí kì í ṣe ọmọ ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa bi. Ìwé ìbéèrè kan tó ń jẹ́ Vineland ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á béèrè bí ọmọ ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe, bó ṣe ń kọjá títì. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 2 bó bá ń ṣe é déédéé, 1 bó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 0 bí kò bá ń ṣe é. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Máàkì 100 ni àárín gbùngbùn. Nǹkan bí 70 sísàlẹ̀ ni wọ́n ń wò láti gbà pé ìdíwọ́ náà pọ̀ lóòótọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi ìtìjú sọ lè gbé ọmọ yín láti 66 lọ sí 75, ilẹ̀kùn á sì tì.

Ẹ gbọ́ mi. Ìbéèrè yẹn ò béèrè ohun tí ọmọ LÈ ṣe. Ohun tó Ń ṣe ló ń béèrè. OHUN TÓ Ń ṢE. KÌ Í ṢE OHUN TÓ LÈ ṢE! Ohun tó ń ṣe fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró tì í, lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀mí ìdùnnú bà lé e.

Mo fẹ́ràn láti fi èyí wé ìgbà tí ènìyàn lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe. Bí télọ̀ bá ti mú tẹ́ẹ̀pù jáde, a ó fa ikùn wọlé, a ó gbé àyà sókè, a ò ní í mí. Télọ̀ á kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lọ́jọ́ òde, a wọ aṣọ náà, a jókòó, a jẹ ìrẹsì, a mí. Fààà! Aṣọ ya. Ṣé ẹ̀bi télọ̀ ni? Ikùn tí a fi pamọ́ ló rán aṣọ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni psychologist. Tẹ́ ẹ bá fa ikùn níwájú rẹ̀, ìwọ̀n ọmọ tí kò sí nílé yín ló máa kọ sílẹ̀, ọmọ tó wà nílé ò sì ní í rí aṣọ wọ̀.

Mo mọ ìdí tí a fi ń fa ikùn. A kì í fẹ́ fi ẹnu ara wa sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa lórí ọmọ wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "mi ò gbà á lórúkọ Jésù." Ní mọ́ṣáláṣí, "Alhamdulillah, ó ti ń sàn." Ìyá ọkọ ń gbọ́, àwọn ará ilé ń gbọ́. Èmi náà gbàdúrà, mo ṣì ń gbà á. Àmọ́ psychologist kọ́ ni a ń gbàdúrà sí, ìwé ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í ṣe pẹpẹ. Ẹ fi àdúrà sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kẹ́ ẹ fi òótọ́ sílẹ̀ fún ìwé.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, ẹ fi ọjọ́ méje ṣọ́ ọmọ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ràn án lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́. Ó wẹ̀? Ta ló gbé omi sí ìwọ̀n tó yẹ, ta ló fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀? Ó lè se indomie? Ta ló pa gáàsì? Ó lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, ṣé ó mọ iye ṣéńjì tó yẹ kí wọ́n fún un, àbí ẹ̀yin lẹ pe onísọ́ọ̀bù sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀? Ó ń kọjá títì, àbí ọwọ́ yín ló wà ní ọrùn ẹ̀wù rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń ṣe fún ọmọ ti wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí i mọ́. Ìwé kékeré yẹn ló máa fi hàn yín. Ẹ mú un dání lọ, ẹ kà á fún wọn.

Ẹ má purọ́ o. Ẹ má fi kún un. Òótọ́ tó wà nílé yín ti tó.

Ẹ jẹ́ n yà bàrà díẹ̀, torí àwọn kan ń sọ pé ojú ń ti àwọn láti gba nǹkan ìjọba. Lórí ilẹ̀ tí College of Staten Island wà lónìí, Willowbrook wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ìjọba ni, tí wọ́n kọ́ fún 4,000 ènìyàn tó ní irú ìpèníjà yìí. Ní 1965, nǹkan bí 6,000 ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Wọ́n wà ní ìhòòhò, wọ́n wà nínú ìgbẹ́. Ní 1972, oníròyìn Geraldo Rivera gbé kámẹ́rà wọ ibẹ̀, gbogbo Amẹ́ríkà sì rí i. Àwọn òbí pe ìjọba lẹ́jọ́, ìdájọ́ jáde ní 1975 pé kí wọ́n dá àwọn ènìyàn náà padà sí àwùjọ, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa ní 1987. Òbí bíi tiwa ló jà kí ọmọ lè gba ìrànlọ́wọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan nínú kéèyàn na ọwọ́ gba ohun tí wọ́n fi omijé rà.

Owó ńkọ́? Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, ló ń sanwó ọ̀pọ̀ nínú ìrànlọ́wọ́ yìí. Ẹ gbọ́ eléyìí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn. Wọ́n á ní, "Ọkọ mi ń wa ọkọ̀, èmi nọ́ọ̀sì, owó wa ti pọ̀ jù fún Medicaid." RÁRÁ! Bí ọmọ bá kúnjú òṣùwọ̀n fún HCBS waiver ti OPWDD, ìyẹn ètò Medicaid tó ń fúnni ní ìrànlọ́wọ́ nínú ilé àti àdúgbò, owó ọmọ ni wọ́n máa wò, kì í ṣe owó oṣù yín. Ọmọ ọdún 6 wo ló ń gba owó oṣù? Ẹ jẹ́ kí care manager kọ ìwé waiver náà. Ìrànlọ́wọ́ fún ìdílé kan tún wà, Family Support Services, tí kò béèrè Medicaid rárá. Ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ.

Bí lẹ́tà bá wá dé pé kò kúnjú òṣùwọ̀n bíi tèmi, ẹ má ya á. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n jókòó pẹ̀lú yín, ẹ lè ní kí àwọn mìíràn tún ìwé náà yẹ̀ wò, ẹ sì lè béèrè fair hearing, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ tẹ́ ẹ lè fi ta ko ìpinnu wọn, níbi tó bá kan Medicaid. 60 ọjọ́ lẹ ní láti béèrè fair hearing, wọ́n ń kà á láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, kì í ṣe láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Èmi ò dákẹ́. Mo fi ọjọ́ méje kọ ìwé mi, ojú ìwé mẹ́rìnlá ló kún. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò tuntun, mo sì sọ òótọ́, ohùn mi ń gbọ̀n. Lẹ́tà kejì gbà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wá sílé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ báyìí, òun àti ọmọ mi máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi ìkówèésí. Nínú bọ́tìnì mẹ́fà tó wà lára ẹ̀wù ilé ìwé rẹ̀, mẹ́rin ló ń de fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, mẹ́rin ni mo máa sọ.

Ẹ̀yin tí lẹ́tà yín wà lórí tábìlì báyìí, ẹ dá fídíò yìí dúró, ẹ lọ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.