Ta Ló Jẹ Ọ́ ní Gbèsè? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Okun Sọ ní Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ kú ìjókòó. Àkòrí tí àwọn tó pè mí fún mi ni "Ohun Tó Tọ́ sí Mi". Inú oko ni n ó ti mú un.

Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ àwa Yorùbá Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kò sí ilé àgbẹ̀ tí kò mọ àáró. Àwọn mélòó kan á fìmọ̀ ṣọ̀kan: wọ́n á kọ ebè lóko tèmi lónìí, lóko tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá kàn kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Yóò kàn ní, "Ẹ pàdé mi lóko," wọ́n á sì dé kí oòrùn tó mú. Ohun tó fún un lẹ́nu ni pé òun náà ti kọ ebè tiwọn. Èsúsú náà kò yàtọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ni gbogbo ọjà máa ń ṣọ́, torí owó ẹlòmíràn ló pọ̀ jù nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kó o tán tí kò dá mọ́, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ wa ti di ẹni tó fẹ́ kó èsúsú tí kò dá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kajú, tó wà lára ohun tí a fi mọ Ìpínlẹ̀ Kogí káàkiri Nàìjíríà. Igi náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láti bí ọdún mẹ́ta. Kó tó so dáadáa, ẹnìkan ti ro abẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti gé ẹ̀ka tó dí ara wọn, ó sì ti ro etí oko yíká kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà wọlé. Baba á wá kú. Ọmọ kan tó wà nílé á máa bá iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí àwọn tó ń ra kajú bá ti gbé òṣùwọ̀n wọn kalẹ̀, àwọn yòókù á dé láti Èkó àti Àbújá: "Oko bàbá wa ni." Òótọ́ ni. Gbogbo wọn ló ni ilẹ̀ náà, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi dù wọ́n, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tí a máa ń fẹ́ gbàgbé. Ṣùgbọ́n èso tọdún yìí ńkọ́? Ta ló roko? Mo ti jókòó sí irú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀, mo sì ní kí a kọ́kọ́ yọ owó iṣẹ́ ẹni tó dúró ti oko kí a tó pín ohunkóhun. Àwọn àgbà kan kò gbà pẹ̀lú mi. Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, a kò tíì dìbò yan ọmọ Okun kankan sí ipò gómìnà. Ó ń dùn mí. Nígbà tí Clarence Olafemi, ọmọ Okun, jókòó síbẹ̀ ní 2008, adelé ni, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A ní ó kàn wá, ó sì kàn wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 2023, ọmọ Okun tó du ipò náà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ju ẹyọ kan lọ. A fẹ́ kí àwọn ẹ̀yà yòókù wá bá wa kọ ebè, nígbà tí àwa fúnra wa kò tíì pàdé lóko kan ṣoṣo.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni panu mọ́. Olùkọ́ tó kọ́ ọmọ láti oṣù dé oṣù tí wọn kò san owó rẹ̀ pé, kò tọrọ nǹkan kan. Ó ti ṣe tirẹ̀, kó pariwo. Ẹni tí mo ń bá wí ni ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà olóṣèlú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí ọ̀kadà ìrónilágbára, tó sì ń bínú pé wọn kò rí òun.

Ẹ jẹ́ n mẹ́nu ba ẹnì kan tí ẹ mọ̀: Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, tí wọ́n bí ní 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ ló ti kọ́ aṣọ híhun àti aró, kò sì dé yunifásítì. Ní 1983 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi gba ẹ̀kọ́ náà, síbẹ̀ ọwọ́ tiwọn ló gbọ́dọ̀ wọ inú aró.

Nígbà tí a fàyè gba ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní òun ti jáde yunifásítì, òun ti sin ilẹ̀ bàbá òun tán, ṣé ẹnikẹ́ni kò jẹ òun ní iṣẹ́ ni? Mo ní ìjọba jẹ ẹ́ ní ọ̀nà tó dára, iná mànàmáná, àti ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ tí wọn kò ní fi orúkọ ọmọ ọ̀gá kan rọ́pò orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kó béèrè ìwọ̀nyí láìtijú. Àga inú ọ́fíìsì ni mi ò lè ṣèlérí. Mo bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun máa ń ránṣọ. Mo ní kó kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó ti ránṣọ fún rí tí inú wọn dùn sí i, kó sì lọ bá wọn nílé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.