"Ṣé Obìnrin Ni Ẹ́ Ni?"

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ ní Kàbà. Mo tún un kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

Ọ̀kún o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá.

Lásìkò kajú ọdún kan, wọ́n mú ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan wá sí agboolé wa. Ó jí àpò kajú kan lóko ìyá opó, ó sì ti tà á. Bàbá rẹ̀ ti mú pàṣán dání. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà sọ̀rọ̀ ná.

Ìyá ò ṣépè. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú ọmọ náà, ó ní kó wo ìka òun. Ẹni tó bá ti ṣa kajú rí á mọ̀: ìka ti dúdú, awọ ti bó níbi tí epo èèpo ẹ̀ ti jó o. Ó ní owó àpò yẹn lòun fẹ́ fi san owó WAEC ọmọ-ọmọ òun. Ọmọ náà wò ó títí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ni bàbá bá jágbe mọ́ ọn: "Panu ẹ mọ́! Ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?"

Ẹkún dá. Ojú ọmọ le padà bó ṣe le nígbà tí wọ́n mú un dé. Pàṣán balẹ̀, kò gbin. Bàbá sì rò pé òun ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́.

Àwa náà ṣáà máa ń wí i pé ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Fífi ọ̀ràn ro ara ẹni wò yìí, ọ̀nà méjì làwọn onímọ̀ pín in sí: kéèyàn mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn, àti kó dun òun náà. Èèyàn lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì. Ṣebí ọmọ Yahoo mọ ohun tó ń pa opó òkè òkun lẹ́kún? Ohun tó mọ̀ yẹn gan-an ló fi ń lù ú ní jìbìtì. Kò sí ìka kankan lójú fóònù tó máa wò.

Lọ́dún 2004, Darrick Jolliffe àti David Farrington, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Wọ́n rí i pé àwọn arúfin kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ọ̀ràn ro ara wọn wò. Àmọ́ tí wọ́n bá fi arúfin wé ẹni tí kì í rúfin, tí làákàyè wọn tàbí bí ìdílé wọn ṣe rí jájẹ sì dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn á dín kù gan-an, ìgbà míì á pòórá. Nítorí náà, mi ò ní dá gbogbo ẹ̀bi lé ọkàn líle. Ebi wà níbẹ̀, ilé-ìwé tí kò yé ọmọ náà wà níbẹ̀.

Ti akọ àti abo ló yà mí lẹ́nu jù. Ibi gbogbo láyé, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ọ̀dọ́ tó ń rúfin, a sì máa ń sọ pé obìnrin ló láàánú. Nancy Eisenberg àti Randy Lennon, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 1983. Tí wọ́n bá ní kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe láàánú tó, obìnrin á fi ọkùnrin sílẹ̀ jìnnà. Tó bá jẹ́ ara ni wọ́n yẹ̀ wò, bí ọkàn ṣe ń lù kìkì, ìyàtọ̀ tó ṣeé dì mú kò sí. Ẹnu lọkùnrin ti kọ́ bó ṣe máa sẹ́ ẹ. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ, ojú mi ló ṣe.

Ìyá kan bi mí pé, "Tíṣà, àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́?" Tiwọn yàtọ̀. Èyí tó jalè tó sunkún, a ó ṣàánú ẹ̀. Èyí tí kò sunkún, kíá la ó ti pè é ní àjẹ́.

Bàbá àgbà kan wá dìde lẹ́yìn. Ó ní: kí wá ló yẹ kí bàbá ọmọ yẹn sọ?

Mo ní: bàbá, kó má sọ nǹkan kan. Kó jẹ́ kí ọmọ wo ìka yẹn tán.